Bàbá Onílé Wa Mọ Ọ̀nà

Rédíò kékeré kan kì í kúrò létí bàbá onílé wa ní Oju Ore. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti gbọ́ ìròyìn ti mọ gbogbo nǹkan. Ohunkóhun tí èèyàn bá bi wọ́n, "Ìyẹn ò le" ni wọn á kọ́kọ́ sọ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ ìyàwó kan tó wọ kóòtù funfun dá mọ́tò dúró lẹ́nu géètì wa. Ó ń làágùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń wá ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ìyàwó mi ti ń dúró dè mí."

Ó dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà.

"Ìyẹn ò le," ni bàbá wí. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì tuntun sì ń yọ lójoojúmọ́ nígbà náà, síbẹ̀ wọ́n jókòó síwájú mọ́tò, wọ́n ní kí èmi náà wọlé.

A kọjá Ṣàngó, a kọjá Toll Gate, a sì dé ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ti ń ṣègbéyàwó lọ́wọ́. Ọkọ ìyàwó sáré dé iwájú pẹpẹ kó tó rí i pé ìyàwó ẹlòmíì ló wà níbẹ̀.

Bí a ṣe jáde ni ìyàwó tirẹ̀ pè é lórí fóònù. Ó ní ẹ̀yìn ilé tó ní géètì pupa ní Oju Ore ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Ilé wa nìyẹn! Gbogbo wa yíjú sí bàbá.

"Mo mọ ibẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo kàn rò pé ó ti sún mọ́ jù fún ẹni tó wọ irú kóòtù yìí ni."