Ọjọ́ Tí Mo Fọ Ẹnu Ọmọ Mi

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ahọ́n mi kì í pẹ́ kó tó gbéra. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ fún mi pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi a sì fèsì pé adìẹ ṣáà tún lè yé òmíràn. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni. Kódà ọkọ mi, ibi tó dùn ún gbọ́ nínú rẹ̀ nìkan ni mo sọ fún un.

Dogarawa, ní Zaria, là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́fà tí gbogbo ilẹ̀kùn kọjú sí àgbàlá kan. Zaria ni wọ́n bí mi sí, Sabon Gari ni mo ti dàgbà, nítorí náà èdè Haúsá kò ṣòro lẹ́nu mi. Bí inú bá ń bí mi, òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wa àti ti obìnrin Haúsá kan tí ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ẹrù. Ó ti bímọ mẹ́ta rí, ó sì bí ìkẹrin, obìnrin, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí n tó bí ọmọkùnrin tèmi. Àkọ́bí mi ni. Ìyá mi ò lè wá bá mi gbé ọmọ jó, nítorí bàbá mi tí ẹ̀gbà kọlù ní Ìlọrin, obìnrin yìí ló sì kọ́ mi ní ohun gbogbo: bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ lé èjìká kó lè gùnfẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ igbe ebi yàtọ̀ sí igbe oorun. 'Yar'uwata ló máa ń pè mí, ìyẹn ni pé arábìnrin mi. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi ìbímọ mi parí, mo ní láti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Chikaji, níbi tí mo ti ń yẹ ẹrù tó ń wọlé wò. Mo ń ronú ẹni tí yóò bá mi mójú tó ọmọ. Aládùúgbò mi yìí rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń gbọ́ igbe ọmọ kan látàárọ̀," ó wí, "kí ni igbe ìkejì yóò fi ṣe é?" Bí a ṣe parí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àfẹ̀mọ́jú ni mo máa ń fún ọmú sínú ìgò fídà méjì, tí mo máa ń kó wọn sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Nọ́ọ̀sì kan ti kìlọ̀ fún wa níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára pé ìyá kankan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn fún ọmọ òun lọ́mú, nítorí àrùn. Mo há a sórí bí orin. Mo sọ fún aládùúgbò mi pé inú ìgò nìkan ni kó ti máa fún un, ó sì ní ó ti yé òun.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ ẹrù kan pẹ́ kó tó dé, ọ̀gá sì ní ẹnikẹ́ni kò ní lọ títí a ó fi já a tán. Ọ̀dọ̀ gáàdì lẹ́nu géètì la máa ń fi fóònù sí. Bí mo ṣe jáde ni òjò dé, kẹ̀kẹ́ wọ́n bí ojú, mo wé fóònù mọ́ inú nylon láìwo ojú rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo délé. Aṣọ mi tutù jìnwìnnì, ọmú mi le gbagidi, ebi ń pa mí. Ilẹ̀kùn aládùúgbò mi ṣí sílẹ̀. Ó jókòó lórí ẹní, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ mi sì wà lẹ́nu ọmú rẹ̀.

Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo já ọmọ gbà, mo gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi ní àárín àgbàlá, mo bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹnu rẹ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fi nu èrìgì rẹ̀ yíká. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀. Ta ló ní kó fún un lọ́mú? Ṣé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Ṣé ó mọ ohun tó wà lára rẹ̀ ni? Haúsá ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, kó má baà sí ẹni tí kò ní gbọ́. Àwọn ará ilé sì gbọ́. Olúkúlùkù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ó jáde, ó ti fi ìborùn bo àyà rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ó ti dé inú rẹ̀. Omi kò lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́." Mo rò pé ó ń bú mi ni. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé.

Orí tábìlì mi ni mo ti rí yìnyín náà, tàbí kí n ní nylon rẹ̀, nítorí ó ti yọ́ tán, omi rẹ̀ sì ti ṣàn dé ilẹ̀. Mo gbàgbé láti fi í sínú kúlà láàárọ̀. Mo tú fóònù mi: aládùúgbò mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ọ̀sán gangan ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè.

Kò pẹ́ tí àbúrò ọkọ rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn, ó mú fìlà ọmọ mi tó jábọ́ wá fún mi. Kò wọlé. Ó ní ọmú inú ìgò méjèèjì ló ti kan. Ó ní wọ́n fi ṣíbí fún ọmọ lómi, ó tu ú dànù, ó sì ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Síbẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kò dédé fún un lọ́mú. Nínú ẹ̀sìn wọn, ọmọ tó bá mu ọmú obìnrin kan, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, ti di ọmọ obìnrin náà. Kò lè fẹ́ ọ̀kankan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ títí ayé. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun kọ́kọ́ pe ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kano láti gba àṣẹ. Ọkọ béèrè pé ṣé ọmọ ṣì ń ké, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ ní kó fún un, pé ọmọ àwọn ni láti òní lọ.

"Ó ní kí n sọ fún ọ," ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, "pé wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò nígbà oyún. Káàdì rẹ̀ wà nílé bí o bá fẹ́ rí i."

Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Obìnrin yìí sọ ọmọ mi di ọmọ rẹ̀, èmi sì fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ lẹ́nu lójú gbogbo ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó fà mí dìde kíá, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n mi ò lè wo ojú rẹ̀. Nítorí ìtìjú yìí ni mo fi ń gbé ọmọ lọ sí ibi ìtọ́jú ọmọ kan ní Samaru, tí mò ń wọ kẹ̀kẹ́ méjì láàárọ̀ àti méjì nírọ̀lẹ́. Ó pẹ́ kí n tó ronú ohun tí ìyẹn yóò jọ lójú tirẹ̀. Kò pè mí ní 'yar'uwata mọ́. Orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí, bí gbogbo ará ilé yòókù.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ibà dá aládùúgbò mi dùbúlẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ Jímọ̀ tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ń fà á lọ́wọ́ bọ̀ láti kẹ́míìsì. Lọ́jọ́ Sátidé, tí n kì í lọ síbi iṣẹ́, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Igbe ebi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ibà ti gbẹ omi ọmú rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe ń ké ni ọmú mi ń sun, tó ń tu sí mi láṣọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní bí ó bá fẹ́, yóò ránṣẹ́ pè mí. Mo ní bí mo bá lọ, tó wá béèrè káàdì tèmi ńkọ́? Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Nígbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo tan rédíò, mo yí ohùn rẹ̀ sókè.

Lẹ́yìn aago kan ọ̀sán ni igbe náà dáwọ́ dúró, ẹ̀rù sì wá bà mí. Mo sáré lọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ti lọ ra mílíìkì ọmọdé bọ̀, wọ́n ti pò ó, ọmọ ti mu ún, ó ti sùn, omijé gbẹ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ nà gbalaja lórí ẹní, ètè rẹ̀ bó. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi pè mí.

"Mo rò pé o ò sí nílé ni," ó wí.

Rédíò mi ń pariwo lẹ́yìn ògiri, àwa méjèèjì sì ń gbọ́ ọ. Ó ń wò mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé mo jáde lọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Ó rọra gbé orí sókè díẹ̀ lórí ẹní, ó sì kí mi kú àbọ̀.