Ọlidé Tí Ìyá Mi Ń Palẹ̀ Ẹrù Mọ́

Ọlidé gígùn ni. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nílé ní Sawaba, àdúgbò wa ní Kumasi, ní Gánà, wọ́n ń bá ara wọn jà láti àárọ̀ dalẹ́, owó ọwọ́ èmi àti bàbá wọn kò sì tó mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Mo bá ní gbogbo Sátidé la ó máa jáde lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Oúnjẹ ilé la ó gbé dání, omi ilé la ó rọ sínú ike, owó trotro, ọkọ̀ èrò, nìkan la ó ná.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri pápákọ̀ òfuurufú la kọ́kọ́ lọ. A tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, à ń wo bàálù bí wọ́n ṣe ń bà. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ń pariwo, àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, di etí rẹ̀ méjèèjì. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa kò bá wa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń múra láàárọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó ń wo ẹní, ó ń wo abọ́ oúnjẹ, ó ń wo kẹ́tùrù àlùwàlá tí bàbá àwọn ọmọ gbé síta.

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún wa?" ló bi mí.

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ìrọ̀lẹ́ yìí náà la máa padà o."

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fi máa dé, ìkòkò irin ńlá tí mo fi ń se oúnjẹ Iléyá kò sí nídìí ààrò mọ́. Mo béèrè títí lọ́wọ́ àwọn ará ilé, kò sẹ́ni tó rí i. Bàbá àwọn ọmọ ní bóyá ìkòkò náà lọ ṣe ọlidé tirẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọjà Kejetia la lọ, kì í ṣe láti rajà. Àtẹ̀gùn kan wà níbẹ̀ tó ń fúnra rẹ̀ gbé èèyàn ròkè. Àwọn ọmọ gùn ún lọ, wọ́n gùn ún bọ̀, títí ẹ̀ṣọ́ fi lé wa. Nírọ̀lẹ́, a dúró wo àwọn àdán tó ń gbéra lórí igi ọgbà ẹranko. Wọ́n pọ̀ débi pé ojú ọ̀run ṣú. Àbígbẹ̀yìn mi di aṣọ mi mú, ó ní òun fẹ́ lọ sílé.

Nílé, ọlọ ti lọ. Àwọn abọ́ tánganran tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó ti lọ. Ara mi kò balẹ̀ mọ́. Olè tó wọlé tí kò gbé rédíò, tí kò gbé fóònù, tó wá jẹ́ ọlọ ló gbé, irú olè wo nìyẹn? Mo ra àgádágodo tuntun, mo sì ń fi ojú burúkú wo gbogbo ẹni tó bá gba iwájú ilé wa kọjá.

Ìyá mi náà ti ń ṣe bákan. Kì í jẹun kánú mọ́. Bí àbígbẹ̀yìn mi bá sùn, á jókòó tì í, á máa fi ọwọ́ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí kéré," á ní, "ọ̀nà sì jìn." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rẹ́ bàbá àwọn ọmọ tó ń wa trotro ní bí a bá ti lè rọ epo, òun á gbé wa lọ sí adágún Bosomtwe. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí ìyá mi ní òun ń bá wa lọ. Lọ́jọ́ náà, ó wọ bùbá mẹ́ta lé ara wọn.

"Ìyá, ooru á mú yín o."

"Èyí tó bá wà lára ẹni, wọn kò lè gbà á."

Bí a ṣe ń kó ẹní, ìkòkò ìrẹsì àti aṣọ ìbora sínú ọkọ̀, ó fa àbígbẹ̀yìn mi lọ́wọ́, ó ní àwọn fẹ́ ra búrẹ́dì ní oríta. Mo wà nínú ilé, mò ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo jáde, ó ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó bo ohun tó gbé lẹ́sẹ̀ ní ìborùn, ó ń fọwọ́ lù ú jẹ́jẹ́. "Ó ti sùn," ló wí. Àwọn ọmọkùnrin wà níwájú pẹ̀lú bàbá wọn. Mo jókòó láàárín, mo fi ẹsẹ̀ di ìkòkò mú, a sì lọ.

Nílé epo, mo ní kí n nu òógùn ojú ọmọ mi. Mo ká ìborùn kúrò. Aṣọ ni. Aṣọ tí wọ́n ká, tí wọ́n dì bí ọmọ.

"Ìyá, ọmọ mi dà?"

"Rọra sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ká sọ̀ kalẹ̀."

"Ìyá! Mo ní ọmọ mi dà?"

"Mo ti fi í síbi tó dáa. Tafo, lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀yìnkùlé wa. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá rọlẹ̀, a ó padà wá mú un."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, a kò gbé àdúgbò Tafo rí. Mo kígbe, n kò mọ ohun tí mò ń wí. Bàbá àwọn ọmọ ń lu pátákó iwájú ọkọ̀, "Ntɛm! Ntɛm! Yá, ilé la kọ́kọ́ ń lọ!" Ní gbogbo ọ̀nà, ìyá mi ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ bí ẹni pé ohun tó yẹ ló ṣe.

Kí ọkọ̀ tó dúró ní oríta ni obìnrin Aṣáńtì tó ń ta waakye níbẹ̀ ti dìde, tó ń ju ọwọ́ sí wa. Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú ewé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

"Me nua," ni obìnrin náà wí, "àbúrò mi, mo ti ń wo ọ̀nà fún yín. Mo ní ẹ kò lè kó lọ sí Nàìjíríà kí ẹ má dágbére fún mi." Ó ṣí yàrá rẹ̀. Ìkòkò irin mi wà níbẹ̀, ọlọ wà níbẹ̀, gbogbo abọ́ tánganran wà lábẹ́ aṣọ. "Ìyá àgbà ló ní kí n bá yín tọ́jú wọn di ìgbà tí ẹ bá padà."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Kò sí ọmọ Yorùbá Kumasi tí kò gbọ́ ìtàn ọdún tí ìjọba ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé jáde kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀dọ́ ni ìyá mi nígbà náà. Wọ́n gun ọkọ̀ ẹrù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n sì bí mi. Gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún wa: ilé, ìkòkò, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, mo jókòó tì í. "Ìyá, ta ló wà ní Tafo?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré. Kò lè fara da ọkọ̀ ẹrù."

"Nígbà tí ẹ padà dé ńkọ́?"

"Wọ́n ti wó ilé náà. Wọ́n ní ìyá yẹn ti kó lọ, òun àti ọmọ rẹ̀." Ó fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà kan. "Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n pè é."

Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, n kò mọ èyí tó kọ́kọ́ dé. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń pe ara mi ní àkọ́bí.

Nígbà tí Sátidé tún pé, àwọn ọmọ béèrè ibi tó kàn. Mo ní ọjà Tafo. Wọ́n ní kí ló wà níbẹ̀ tí a fẹ́ wò, mo ní kí wọ́n wọ bàtà. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ là ń lọ. À ń rìn láàárín àwọn tó ń ta tòmátì àti àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ, mò ń wo ojú gbogbo obìnrin tó bá dàgbà jù mí lọ, mò ń wá imú ìyá mi. Ìyá mi di ọwọ́ kan àbígbẹ̀yìn mi mú, èmi di ìkejì mú. Bí ìyá mi bá dúró pẹ́ níwájú obìnrin kan, tó ń wò ó lójú, mo máa ń fa ọmọ mi mọ́ra, torí n kò mọ̀ bóyá ọmọ tirẹ̀ ló ń wá ni, tàbí ẹni tó máa fi tèmi lé lọ́wọ́.