Ìlà Orúwọ, Ìlà Ẹfinrin

Nígbà tí àìsàn èébì òun ìgbẹ́ gbuuru bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi dé láti ọjà Ejinrin, kò sí ẹni tó mọ oògùn rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àwa tí a sá ogun kúrò ní Èkó kò mọ̀ ọ́n, àwọn onílẹ̀ tí a bá níbẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n. Oògùn àìsàn mìíràn ló wà lọ́wọ́ wa: orúwọ tí a fi ń wo ibà, àti ẹfinrin tí a ń gbo mọ́ iyọ̀ fún ọmọ tí inú ń run.

Àgbà àdúgbò wa pè wá jọ síwájú mọ́ṣáláṣí. Ó ní kí àwọn ilé apá omi máa lo orúwọ, kí àwọn ti apá oko máa lo ẹfinrin, kí a lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa méjèèjì pọ̀. Èmi tí mo kàwé nílé kéú ni wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fa ìlà kọ̀ọ̀kan sórí wàláà fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ oògùn tó lò síbẹ̀, àti bóyá ó yè tàbí ó kú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ìkòròdú pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Ó rán ọlọ́kọ̀ kan sí mi pé àrùn náà ti wọ àdúgbò òun, kí n tètè sọ oògùn tí òun yóò fi pamọ́ de àwọn ọmọ. Mo ránṣẹ́ padà pé kó dúró títí ìlà yóò fi fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ hàn. Èmi náà ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó yọ tán, mo ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀ nígbà márùn-ún.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹni tó bá lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfìfo, ìtìjú ni lọ́dọ̀ wa. Olúkúlùkù ń gbé oògùn tirẹ̀ wá lábẹ́ aṣọ. Mo wọ ilé ìyá àgbà kan lápá omi, ọmọ rẹ̀ ti ń gbádùn.

"Ìyá, kí lẹ fún un?"

"Orúwọ ni."

"Orúwọ nìkan?"

"Orúwọ nìkan." Ó wo ẹ̀gbẹ́. "Àti ẹfinrin tí àna mi gbé wá. Ṣé kí n dà á nù lójú rẹ̀ ni?"

"Ẹ ti ba ìlà yín jẹ́, Ìyá."

"Ìlà! Ọmọ mi ń jẹ ẹ̀kọ, ìwọ ń sunkún ìlà. Oníbodè gan-an kì í da ìbéèrè boni tó báyìí!"

Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Mo nu ìlà rẹ̀ kúrò. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹsàn-án, ìlà mẹ́ta péré ló kù: orúwọ kan yè, orúwọ kan kú, ẹfinrin kan yè. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ìyẹn mọ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, ọmọ mi bì. Apá omi ni ilé wa. Mo fa ìlà tirẹ̀, mo fún un ní orúwọ, mo dúró. Mo tún fún un, mo tún dúró. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó mi wí, kò tilẹ̀ pariwo, "ṣé wàláà ló bí i ni, àbí èmi?"

Mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi já ẹfinrin, mo gbo ó, mo bu iyọ̀ sí i, mo fi í sí i lẹ́nu. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó béèrè omi, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ. Bóyá orúwọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bóyá ẹfinrin ni. Mo nu ìlà tiwa náà kúrò.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kọ̀ Ìkòròdú dé.

"Àáfà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Èwo ni kí n sọ?"

"Sọ fún un pé kó lo méjèèjì."

Ó wo wàláà ọwọ́ mi. "Ṣé ohun tí wọ́n ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

Mo gbé wàláà sílẹ̀, mo bá a ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi, kó lè tètè máa lọ.