Kì í Ṣe Igbó Ló Gbé Fóònù

Ohun tí mo rí láàárọ̀ ọjọ́ Àtàlátà nìyí, bí mo ṣe rí i gan-an.

Mo rí Tántì Roukayatou lórí ẹní, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kékeré tó wà létí igbó, lẹ́yìn Manigri. Ó ti kú. Wọ́n ti fi ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé bò ó lójú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ síta, ó sì wú débi pé awọ rẹ̀ ń dán. Mo rí sálúbàtà rẹ̀, ẹyọ kan. Mo rí Ìyá Hàfísátù, ìyá tó bí i, tó jókòó sí ìgbèrí rẹ̀, tó di fóònù mú bí ẹni tó ṣì ń retí kí ó dún. Mo rí àfíṣì lára ògiri: àwòrán ejò tó ká jọ, àti lẹ́tà gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀, Ẹ MÁ PA Á, Ẹ PÈ WÁ. Mo rí fírígò funfun tí àwọn ará porojé tó ń dáàbò bo ẹranko igbó gbé wá fún abẹ́rẹ́ oró ejò. Nígbà tí Wassilatou, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, dé láti Bassila tó sì ṣílẹ̀kùn, mo ní kó ṣí fírígò náà fún mi. Igo súkírì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ló kún inú rẹ̀, pupa, dúdú, aláwọ̀ ọsàn. Wọ́n tutù. Ara gbogbo wọn ń làágùn.

Abẹ́rẹ́ kankan kò sí níbẹ̀.

"Ti àlejò Sátidé ni," ni Wassilatou sọ. Kò wo ojú mi. "Wọ́n ní kí n kó wọn sí i kó lè tutù."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Fírígò ló dé, àbúrò mi. Abẹ́rẹ́ kò tíì dé rí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Tántì Roukayatou jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ ni, bíi ti gbogbo wa. Ó ní iṣu, ó ní igi akajú díẹ̀ lójú ọ̀nà Doguè. Ó gbọ́ Faransé dáadáa. Láti ìgbà tí porojé ti sọ igbó wa di ibi ìsádi fún ẹranko, òun ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń wá bá wa sọ̀rọ̀, tó ń sọ ọ́ di èdè wa. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń lọ. Ká sòótọ́, ta ni ìbá fi oko sílẹ̀ láti lọ gbọ́ bí ọ̀bọ ṣe ń bímọ?

Ìpàdé ẹranko ni a ń pè é. Bàbá Razak, tí oko rẹ̀ pààlà pẹ̀lú igbó náà, kì í jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kó tó ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀. "Roukayatou, ṣé àwọn ẹranko ti pé, ká bẹ̀rẹ̀ ìpàdé?" Tántì a sì wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. "A ti rí yín, Bàbá. Ó ku àwọn yòókù." Gbogbo abẹ́ igi a bú sẹ́rìn-ín, àlejò tó wá sọ̀rọ̀ a rẹ́rìn-ín tiẹ̀ náà, kò mọ ohun tó ń rín.

Mo máa ń jókòó lẹ́yìn, níbi tí n ó ti gbọ́ èdè méjèèjì. Mo máa ń wo bó ṣe ń ṣe é. Àlejò á sọ̀rọ̀ títí oorun á fi máa kùn wá. Tántì á wá sọ gbólóhùn kan tí ọmọ ọwọ́ lè gbé délé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ ejò, ọkùnrin náà ń sọ nípa ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ẹ̀dá títí. Tántì yíjú sí wa. "Ó ní ejò ni ológbò oko. Eku tó ń jẹ iṣu yín nínú ebè, ta ló ń bá yín lé e?"

"Tó bá jẹ eku tán ńkọ́," ni Bàbá Razak wí, "kí ló kàn?"

"Ẹsẹ̀ yín ni, Bàbá. Ẹ wọ bàtà."

Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n kọ́ wa ní òfin wọn, Tántì sì ni ẹnu tó gbà jáde. Bí ejò bá bu ẹnìkan jẹ, ẹ má pa á. Ẹ má fi abẹ gé ojú ibẹ̀. Ẹ má gbé ẹni náà sórí alùpùpù, ẹ má sá kiri. Ẹ gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn létí igbó, ẹ pe nọ́ńbà yìí, ẹ dúró. Oògùn wà níbẹ̀. Ọkọ̀ yóò wá. Ẹni tó bá gbé fóònù yóò gbọ́ èdè yín.

Mo ní kí ẹ fi etí sí gbólóhùn mẹ́ta tó kẹ́yìn. Tántì sọ wọ́n pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, nítorí pé ó gbà wọ́n gbọ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló jẹ́ òtítọ́?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú Bàbá Razak. Oòrùn ti wọ̀. Ejò sèbé ló wà nínú koríko, ó sì bù ú ṣán lókè ọrùn ẹsẹ̀. Bàbá Razak na ọkọ́ sókè. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé apá òun ti wà lókè kí Tántì tó di òun lẹ́wù mú. "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ẹ pe nọ́ńbà." Ejò náà wọ́ wọ inú igbó ìsádi rẹ̀ lọ. Ó wà láàyè títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Òfin porojé dáàbò bò ó.

Wọ́n gbé Tántì wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wassilatou ti padà sí Bassila, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́; ilẹ̀kùn wà ní títì. Ìyá Hàfísátù ti fi gèlè rẹ̀ so ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ pinpin. Nígbà tí wọ́n fi máa rí nọ́ńbà náà pè, ìpéǹpéjú Tántì ti ń wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì ti wúwo. Ahọ́n tó ń gbé ọ̀rọ̀ wọn fún wa, tó ń gbé tiwa fún wọn, kò lè yí mọ́. Ìyá rẹ̀ ló bá wọn sọ̀rọ̀.

Níbí ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ẹni tí wọ́n bí ní Manigri mọ̀ pé bí oòrùn bá ti wọ̀, a kì í pe ejò lórúkọ. Ẹni tó bá pè é, ó pè é wá sílé nìyẹn. Okùn ilẹ̀ la ń pè é, tàbí okùn lásán. Kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó dàgbà tó Ìyá Hàfísátù, tí ọmọ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣé ìgbà yẹn ni yóò wá pe orúkọ yẹn kí èkejì tún jáde?

Wọ́n ti mú kí ohùn fóònù jáde síta. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì sọ ọ́ fún mi bákan náà.

"Ẹ gbà wá, ọ̀gá. Okùn ti mú ọmọ mi lẹ́sẹ̀."

"Kí ló mú un?"

"Okùn, ọ̀gá. Okùn ilẹ̀."

"Ṣé ó ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àbí ẹ ti tú u?"

Ìyá wo gèlè tó so. "Ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo so ó."

"Ó le?"

"Ó le dáadáa."

"Ẹ tú u, ìyá. Okùn kì í pa èèyàn. Ẹ fi omi gbígbóná ra ẹsẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó sùn. Tó bá di àárọ̀, a ó yà wò ó."

"Ẹ ó wá?"

"A ó wá."

"Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú gèlè náà. Bàbá Razak mi orí, ó ní, "Ẹ ò rí ọ̀mọ̀wé. Kò tíì fojú kàn án, ó ti mọ oògùn rẹ̀." Wọ́n sì dúró bí òfin ṣe wí. Wọn kò gbé e sórí alùpùpù, bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Bassila. Wọ́n dúró títí ó fi kú, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá sọ fún mi pé ní gbogbo ìgbà yẹn, òun ń gbọ́ fírígò tó ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń kùn, tó ń dákẹ́, tó tún ń kùn, òun sì ń fi ìyẹn tu ọmọ òun nínú. "Mo ń wí fún un pé, fara dà á, oògùn rẹ ló ń dún yẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ kó súkírì síbẹ̀, ṣé ó tutù tó?

Wassilatou ní kì í ṣe gèlè tí wọ́n tú ló pa á, pé títú tàbí àìtú, oró sèbé ti lọ. Ó ní dídúró ni. Mo kọ ìyẹn síbí nítorí Ìyá Hàfísátù, ẹni tí kò yé wo ọwọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ọkùnrin tó gbé fóònù wá láàárọ̀, bó ṣe ṣèlérí. Mùsíyè Fataou ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Bassila ni, Anii ni èdè ìyá rẹ̀, Yorùbá tó gbọ́ kò ju èyí tí a fi ń ná ọjà lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun tí wọ́n ya erin sí lára, ó rí ohun tó wà lórí ẹní, ó sì di igi òpó mú.

"Okùn ni wọ́n sọ fún mi," ló ń wí fún mi ní Faransé. "Marwa, ìwọ lo gbọ́ Faransé, bá mi sọ fún wọn. Okùn ni wọ́n sọ."

Kò purọ́. Mo bá a sọ ọ́. Mi ò bá a jà, n kò sì ní bá a jà nínú ìwé yìí. Ẹni tó fi í sídìí fóònù yẹn ni mo ń wá. Ẹni tó dúró níwájú wa, tó ní ẹni tó bá gbé e yóò gbọ́ èdè wa, tó sì mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ló gbọ́ èdè méjèèjì yékéyéké nínú gbogbo ètò náà. Ọ̀nà oko ni Tántì, ẹnìkan ṣoṣo náà, ń gbà lọ sílé lójoojúmọ́, nínú sálúbàtà. Wọ́n ti fún un ní bàtà rọ́bà rí. Ó wọ̀ ọ́ ya fọ́tò, wọ́n sì gbà á padà.

A sin ín kó tó di ìrun ọ̀sán. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ lọ tiná bọ igbó náà. Wọ́n ti kó koríko gbígbẹ jọ, ọwọ́ Bàbá Razak sì ni ìṣáná wà, òun tí apá rẹ̀ ti wà lókè tí wọ́n ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá Hàfísátù dìde láàárín àwọn obìnrin. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Razak, fi í sílẹ̀. Kì í ṣe igbó ló gbé fóònù."

Bàbá Razak fi ìṣáná sápò. Igbó náà ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá kọjá, ẹ ó gbọ́ ẹyẹ. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe porojé.

Ọ̀gá porojé kò wá sí ìsìnkú. Ó ránṣẹ́. Ó ní àánú ṣe òun. Ó ní ẹ̀dá kan kò gbọ́dọ̀ ṣòfò. Ó ní kí ọ̀rọ̀ yìí má ba ìpàdé Sátidé jẹ́, nítorí àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀, ààbò ejò sì ni wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó wá ní ṣé Marwa kò lè bá wọn túmọ̀, torí wọ́n sọ fún òun pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Mo ti gbà.

N ó dúró níbi tí Tántì máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ̀rọ̀ wọn kan di tiwa, n ó kọ́kọ́ sọ tiwa di tiwọn, lójú gbogbo ènìyàn, n ó sì dúró gba èsì. Ta ló sọ pé oògùn wà nínú fírígò tí kò ní oògùn? Ta ló fi ẹni tí kò gbọ́ èdè wa sídìí fóònù, tó sọ fún wa pé ó gbọ́? A fẹ́ orúkọ wọn, a fẹ́ kí wọ́n dìde dúró, kí wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Hàfísátù, kí wọ́n sì sọ ìyà tó tọ́ sí àwọn. A fẹ́ rí abẹ́rẹ́ nínú fírígò náà lójú ara wa. Bí ìyẹn kò bá ṣẹlẹ̀, n kò ní la ẹnu mi. Kí wọ́n máa bá igi sọ̀rọ̀. Àwọn ni wọ́n ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀.

Mi ò rí oorun sùn láti ọjọ́ tí a sin ín. Mo ń dìde, mo ń jókòó, mo ń tanná wo abẹ́ ibùsùn. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo sì ti kọ orúkọ tí a kì í pè lálẹ́ láìmọye ìgbà. Mo tún ń kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun kò gbọ́ ohun tí a sọ. Ejò ni. Ejò ló bu Roukayatou ṣán. Ìyá rẹ̀ pè yín, ẹ sì ní kó tú okùn.

Wọ́n ti ń pe ìrun àsùbá ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀.