Miao Cuifen, Ìyá Eku Funfun

Àìsàn tó jókòó ṣì lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Èyí tó dìde rìn ni ká máa bẹ̀rù. Ọdún mọ́kànlá ni Miao Cuifen ti fi ń tọ́jú eku funfun ní ilé ìwádìí kan ní ìlú Kunming, orí ọ̀rọ̀ yìí gan-an sì ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ dúró lé. Dókítà Shan Wenqi, obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo, á mú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, á ti àbùdá kan ṣoṣo, ìyẹn jíìnì, pa nínú rẹ̀, á gbìn ín sára eku, á wá máa ṣọ́ ọ. Ṣé yóò jókòó síbi tí wọ́n gbìn ín sí ni, àbí yóò dìde lọ bá ẹ̀dọ̀ àti eegun? Àbùdá wo ló ń fún un lẹ́sẹ̀ rìn? Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Iṣẹ́ ti Cuifen ni kó máa wò wọ́n láràárọ̀. Èyí tó kú, á wí. Èyí tó rù, á wí. Eku tí jẹjẹrẹ bá ti dé eegun rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń wọ́ nílẹ̀. Cuifen á sì lẹ bébà pupa mọ́ àgò rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwádìí, ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ wọ́.

Ó dúró gbagidi. Ikọ́ ti ń bá a fà á láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Xuanwei tí wọ́n ti bí i, àárín yàrá ni wọ́n ti ń dáná èédú ilẹ̀. Èéfín á sọ itan ẹlẹ́dẹ̀ tó rọ̀ lájà di pupa, á sì máa mú àwọn obìnrin ilé lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ìyá rẹ̀. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí òun náà lọ ya àwòrán àyà lọ́sẹ̀ tó kọjá, Deyong ọmọ rẹ̀ nìkan ló wọlé lọ gba èsì. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó jáde, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Màámi, òtútù ló wọ̀ yín lẹ́dọ̀fóró. Ẹ ṣáà máa mu omi gbígbóná."

Cuifen náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wọn nìyẹn: a kì í dárúkọ àìsàn yẹn létí ẹni tó ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún ìyá rẹ̀ rí pé ikọ́ lásán ni, ìyá náà sì ń bèèrè ọjọ́ tí wọn yóò gbin ọ̀dùnkún títí ẹ̀mí fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí ńkọ́? Ó padà sílé, ó bá àpò àwòrán náà lẹ́yìn ìkòkò ìrẹsì tí Deyong fi í pamọ́ sí, ó gbé e tọ Dókítà Shan lọ.

"Ẹ bá mi kà á."

Dókítà kó ọwọ́ sẹ́yìn. "Ìyá Miao, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí Deyong..."

"Deyong wo? Èyí tí kò mọ eku yàtọ̀ sí ọ̀kẹ́rẹ́?"

"Èmi kọ́ ni dókítà yín. Eku ni mo ń wò."

"Ẹ wá wò mí bí eku nígbà náà! Ẹ rántí Bàbá Tao tí a jọ ṣiṣẹ́, tó ju òkú eku méjì nù nítorí kí ẹ má baà bínú? Nítorí pé iye òkú kò péye mọ́, oṣù mẹ́fà la fi ń lé àbùdá tí kò ṣe nǹkan kan. Èmi ńkọ́? Ṣé mo fi òkú eku kan pamọ́ fún yín rí?"

Dókítà Shan gbé àwòrán náà síwájú iná.

"Ibi tó jókòó sí rèé, ẹ̀dọ̀fóró òsì." Ìka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dé eegun ẹ̀yìn, ó dúró síbẹ̀.

"Ó ti rìn," ni Cuifen wí.

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti ya àwòrán eegun kó tó dájú."

"Àgò kejìlá ńkọ́? Àwọn eku ibẹ̀ tí ẹ ti àbùdá jẹjẹrẹ wọn pa, tí tiwọn ò rìn?"

"Eku nìyẹn, Ìyá. Ẹni tí yóò sọ ọ́ di oògùn, bóyá ó ṣì wà nílé ìwé." Omi lé ròrò sójú dókítà. "Àmọ́ oògùn mìíràn wà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Nírọ̀lẹ́, Deyong ń bu oúnjẹ sí abọ́. "Màámi, òtútù yẹn mà ti ń lọ! Ohùn yín ti já gaara."

Cuifen gbé àpò àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ rẹ̀.

"Má fi òkú eku pamọ́ fún mi mọ́. Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ ya ti eegun. Ẹ̀rù ń bà mí, Deyong. Mi ò fẹ́ dá lọ."

Igi tí wọ́n fi ń jẹun bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì láti mú un, kò sì tètè dìde.