Ẹ̀rín Tó Há Sínú Kámẹ́rà

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Plateau, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé tí a ń gbé. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, ọmọbìnrin mi, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta ọjà àwọn tó ṣe kámẹ́rà mi. Yìgì ọmọ mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ àwòrán ńlá ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbà fún mi, lọ́jọ́ tí mo ra kámẹ́rà náà, ó sì rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe ní Treichville, ní òdìkejì ọ̀sà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ló ta kámẹ́rà náà fún mi. Láàárín wa, a kì í béèrè ìwé ọjà lọ́wọ́ ọmọ ìlú ẹni, àrífín ni. Ó ní kí n máa fi àwòrán pamọ́ sínú irú fáìlì kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ náà nìkan, pé òun ló dára jù. Mo fi ń yangàn kiri. Mi ò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń to nǹkan sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n pa ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣí i tì. Kọ̀ǹpútà mi tuntun wá ń wò ó bí èmi náà ṣe máa ń wo ìwé kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́ àgbà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá kámẹ́rà padà fún mi, ó fi Faransé pè mí ní bàbá.

"Vieux père, àṣírí ilé-iṣẹ́ ni bí a ṣe ń ṣí fáìlì yẹn. Àwa tí à ń tà á gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kúkú ra tuntun."

"Ṣé tuntun á ṣí ti àtijọ́?"

"Rárá o."

Ọmọ mi pòṣé. "Ah bon! Kí ni kí bàbá mi wá rà á ṣe? Kí wọ́n máa fi ti ilẹ̀kùn?"

"Ìyàwó mi ló wà nínú rẹ̀," ni mo wí. "Báwo ló ṣe di àṣírí tiyín?"

Títí dòní, mo ṣì ń bi ara mi ní ìbéèrè yẹn.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Mo béèrè títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adjamé. Àwọn tó mọ ọ̀nà ni ò sọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi tí a wọ̀ padà sílé, mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Kámẹ́rà yẹn nìkan ló ṣì lè fi àwòrán náà hàn, lójú gíláàsì tí kò ju páálí ìṣáná lọ. Bátìrì rẹ̀ sì ti ń kú lọ. Irú rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé kámẹ́rà náà sẹ́bàá fèrèsé, mo tàn án, mo fi fóònù ọmọ mi ya àwòrán tó hàn lójú gíláàsì rẹ̀. Kò mọ́ kedere. Ojú tèmi náà hàn fírífírí nínú gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rín ìyàwó mi.

"Papa, mo lè pa ojú tiyín rẹ́."

Mo wo àwòrán náà. Ní gbogbo ìgbà tí èmi àti ìyàwó mi fi jọ gbé, a ò ya fọ́tò pọ̀ rí.

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí, mo sì jáde lọ ra férémù.