Ìkòkò Ọṣẹ Kì í Dúró De Agogo

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn láyé, eérú ló ń jọ̀. Ó jókòó sórí àpótí ní àgbàlá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń húkọ́, inú sì ń bí i nítorí pé mo ní kí ó sinmi.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ó wá jọ̀ ọ́, tíṣà? Ẹ óò kàn fi ẹfun kọ 'eérú' sára ògiri ni."

Ọṣẹ ló ń sè. Àwọn obìnrin kan ló ń bá a gbé e lọ tà ní ọjà Mákùn-Omi. Èmi ń kọ́ni ní iléèwé ìjọ. Lẹ́yìn ogun òyìnbó, àwa méjèèjì dá àjọṣe kan sílẹ̀: iléèwé yóò kọ́ àwọn obìnrin yìí ní ìwé kíkà àti bí a ṣe ń lo òṣùwọ̀n, òun náà yóò sì kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ọṣẹ sísè. A kò bímọ. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí iṣẹ́ náà má bá òun wọlẹ̀.

Àwọn obìnrin mọ òṣùwọ̀n. Àwọn ọmọ kò mọ ọṣẹ. Ìgbà tí àdín àti omi eérú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ara wọn, tí a kò gbọ́dọ̀ fi orógùn sílẹ̀, ni agogo máa ń dún, wọn á sì sáré padà sí kíláàsì.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, agogo ni òfin," ni àlùfáà tó jẹ́ olórí iléèwé wí fún un.

"Ẹ wá ka òfin náà sí ìkòkò létí, Bàbá Àlùfáà. Bóyá yóò gbọ́."

Àlùfáà rẹ́rìn-ín, ó ní a ó jíròrò rẹ̀. A jíròrò títí ó fi sú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sán kan péré láìsí agogo. Ó ní bí òun bá gbà fún ọlọ́ṣẹ, alágbẹ̀dẹ náà yóò wá. Kí ló burú bí alágbẹ̀dẹ bá wá? Títí di òní, n kò rí ẹni dá mi lóhùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìyàwó mi ti lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àlùfáà kí mi tìfẹ́tìfẹ́, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ ọṣẹ parí nìyẹn, níwọ̀n bí olùkọ́ kò ti sí mọ́.

Eérú tí ìyàwó mi jọ̀ ṣì wà nílé. Mo sẹ́ omi rẹ̀, mo kó kíláàsì mi wá sí àgbàlá, mo dáná, mo da àdín sí i, mo sì ń ro ó bí mo ti máa ń rí i tó ń ṣe. Èéfín bò mí lójú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Agogo dún. Àwọn ọmọ wò mí.

"Ẹ jókòó."

Ó tún dún. Mo ń ro ó lọ, títí ó fi dúdú, tó ki, tó ń lẹ̀ mọ́ orógùn. Ó le ju tirẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọṣẹ ni.